Ẹ̀wà Ẹ̀yìnkùlé Jacinto

Ribeira do Funcho, Erékùṣù São Jorge
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, 1979

Deolinda ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run súre fún ọ, ìwọ àti Herminio ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Èmi wà láàyè, a dúpẹ́. Orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ tèmi mọ́. Mimosa màlúù wa ti bí: akọ ni, dúdú tó ní funfun níwájú orí, ó sì ti ń dá ohùn mi mọ̀. Èmi ni mò ń gbé wàrà lọ sí ilé wàràkàsì láràárọ̀ báyìí, bí bàbá rẹ ti máa ń ṣe, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ kò sì yé bi mí pé ìgbà wo ni Jacinto ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ bi Amẹ́ríkà.

Mo rí fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ṣeun. Àmọ́ kí ló ṣe bàbá rẹ? Gbogbo yín ń rẹ́rìn-ín, ọmọ orí itan rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan ló dijú mágbárí bí ẹni tí agbowó-orí wá bá nílé. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọkùnrin yẹn, kò sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ rí tí kò ṣe ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀. Kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ó yọ ahọ́n. Ṣé ẹ ṣẹ̀ ẹ́ ni? Àbí èmi ló ń bínú sí?

Èkejì ni ìlà kan tó kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ. Mo fi awò ojú mi wò ó, mi ò rí i kà. Mo yá awò Leopoldina ará ilé kejì, mo fi lé tèmi lórí, pàbó ni. Ìgbà wo ni Jacinto di ahun tí ń ṣọ́ yíǹkì lò? Tíṣà wa nígbà náà máa ń sọ pé bí ẹni ń kọ ebè ni Jacinto ṣe ń kọ̀wé, ọ̀rọ̀ kan á gba ìlà kan.

Mo ti sọ ọ́ pé mi ò ní wá sí Amẹ́ríkà, mi ò sì ní máa tún un sọ. Òkun ló gba ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní gun orí rẹ̀, mi ò sì ní gba òkè rẹ̀ kọjá. Yíyá ni mo yá ọ ní bàbá rẹ, pé kí o bá mi tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, kí o sì dá a padà. Dá a padà.

Ìyá rẹ,
Balbina

Fall River, Massachusetts
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, 1979

Màmá mi,

Ẹ súre fún mi. Mo kí yín, mo kí orúnkún yín, mo kí Mimosa, ó kú ewu ọmọ.

Bàbá kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀ ka ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, torí ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Obìnrin ni dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, Pruitt lorúkọ rẹ̀, ó máa ń fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní nínú ọpọlọ olúkúlùkù wa, ibì kan wà tó kéré, tó dúdú. Ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní dopamíìnì. Òun ló ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ. Tí èèyàn bá ní kí ọwọ́ òun gbéra tí ọwọ́ sì gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, dopamíìnì ló jíṣẹ́ yẹn. Tí inú bá dùn tí ojú sì rẹ́rìn-ín, ó lọ́wọ́ sí i. Kódà kí nǹkan máa wu èèyàn í ṣe, kí ó jí kí ó sì fẹ́ dìde, ó lọ́wọ́ sí i. Ti Bàbá ló ń gbẹ. Ó ní nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nídìí màlúù, ó ti gbẹ kọjá ìdajì, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, Màmá, ojú ni kò gbọ́. Ìwé kíkọ náà ń bẹ nínú àìsàn yẹn. Á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, lẹ́tà á máa kéré, á máa kéré, títí á fi dà bí ẹsẹ̀ èèrà. Ohun tó kọ sí yín lọ́jọ́ náà ni pé kí ẹ má gbé agolo wàrà méjì lẹ́ẹ̀kan.

Oògùn oníhóró kan wà tó ń lò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń di dopamíìnì tó bá dénú ọpọlọ. Ìwọ̀n rẹ̀ ni dókítà ṣì ń wá. Tó bá kéré, ara á le gan-an. Tó bá pọ̀ jù, ara á máa yí kiri fúnra rẹ̀. Nítorí náà, mi ò lè sọ ọjọ́ tí màá dá a padà, mi ò sì ní parọ́ fún yín.

Ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀ kan. Ó ní kí Herminio kọ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé fún òun. Ó jókòó sórí àga, ó ń nàka síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń pe ọkọ mi ní ọ̀lẹ, wọ́n sì gbin fáfà, ẹ̀wà ńláńlá ilé wa. Irúgbìn tí ẹ tì sínú ìbọ̀sẹ̀ rán sí wa lọ́dún Kérésì ni. Láti ìgbà tó ti dé, n kò tíì rí i kí ohun kan wù ú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà sí òun fúnra rẹ̀. Ó máa ń béèrè.

Ọmọ yín,
Deolinda

Ribeira do Funcho
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, 1979

Deolinda,

Kí Ọlọ́run súre fún ọ. Kí ó súre fún ọwọ́ tó ń fún bàbá rẹ lóúnjẹ.

Mo ka lẹ́tà rẹ títí. Orúkọ nǹkan tó ń gbẹ yẹn kò fẹ́ jókòó lẹ́nu mi, àmọ́ mo mọ ohun tí a ń pè ní gbígbẹ. Kànga ń gbẹ. Ọmú màlúù ń gbẹ. Òjò sì wà lọ́wọ́ Ẹni tó ni òjò. Mo sunkún nítorí ọ̀rọ̀ agolo wàrà yẹn, mi ò ní tàn ẹ́. Mo ti rò pé ó ti gbàgbé mi.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí ni ọdún Pẹ́ńtíkọ́sì. Nígbà tí wọ́n gbé adé fàdákà Ẹ̀mí Mímọ́ kọjá níwájú mi bí ti ọdọọdún, orúnkún tí mò ń sọ yìí, mo fi kúnlẹ̀ lórí òkúta, mo sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ níṣojú gbogbo àdúgbò. Mo ní tí Jacinto bá tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tó sì gbé adé lọ́wọ́, ọmọ Mimosa di ti Ẹ̀mí Mímọ́. Màá pa á, màá se ọbẹ̀ rẹ̀, màá dín búrẹ́dì kù fún ara mi kí n lè yan ti àwọn tálákà, kò sì ní sí ẹni tí yóò wọ àgbàlá mi tí kò ní yó.

O mọ̀ mí. N kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ rí kí n má san án. Sọ fún un. Sọ ọ́ sí i létí dáadáa, kí ó mọ̀ pé mo ti bá òun dé ibi tó yẹ.

Ìyá rẹ,
Balbina

Fall River
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Keje, 1979

Màmá, Màmá,

Ẹ súre fún mi! Bàbá ti rìn.

Ìparí oṣù tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀. Mo ń múra ibi iṣẹ́ aránṣọ, mo kàn rí i tó dìde lórí àga láìdi nǹkan kan mú, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó lọ wo fáfà rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé. Fáfà náà so jìngbìnnì, ó ga dé àyà mi. Láàárọ̀ ló ń jẹ ẹ́, lálẹ́ ló ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú èèpo rẹ̀ tútù, mo ń fi àlùbọ́sà àti ata pupa sè é bí ẹ ṣe kọ́ mi. Nígbà míì kì í dúró kí n sè é, á já a lórí igi, á máa rún un lẹ́nu bí ewúrẹ́. Herminio ní kí á kúkú so ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, Màmá. Ojú rẹ̀ gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú àná, ẹgbẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ tiwa níhìn-ín ṣe ọdún wọn. Mo ti sọ ẹ̀jẹ́ yín fún àwọn àgbà ẹgbẹ́, wọ́n sì ní kí Bàbá gbé adé. Ó gbé e láti gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ títí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kò gbọ̀n. Àwọn obìnrin wa tó mọ bó ṣe rí nígbà òtútù dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń sunkún. Herminio náà sunkún, ó ní oòrùn ni.

Ohun kan ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ọrùn rẹ̀ àti apá rẹ̀ ń yí fúnra wọn, èjìká á lọ síbí, á lọ sọ́hùn-ún, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é. Mo mú un lọ bá Dókítà Pruitt. Ó ní dopamíìnì ti pọ̀ jù lára rẹ̀, kò sì yé òun, torí oògùn kan náà ni. Ó bi mí pé kí ni ohun tuntun tí Bàbá ń jẹ. Mo ní kò sí o, ohun tó ti ń jẹ láti kékeré náà ni. Ó họ orí, ó dín oògùn kù díẹ̀. Ó wá kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé a kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì láé. Ó ní bí ẹni já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ arúgbó lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni.

Fọ́tò wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ wo ojú rẹ̀.

Deolinda

*Balbina, mo gbé adé. Kò wúwo. Jacinto.*

Ribeira do Funcho
Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, 1979

Deolinda,

Mo ka lẹ́tà rẹ ní ilé wàràkàsì lójú gbogbo wọn, ẹnu wọn kò sì tún lè béèrè nǹkan kan. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ tó tún ń kọ ebè lójú ìwé! Mo gbé e ká àdúgbò.

Ẹni tó mọ inú rò ló ń mọ ọpẹ́ dá. Mo ti san ẹ̀jẹ́ mi. A pa ọmọ Mimosa lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá rẹ̀ ké fún un títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì lọ bá a sọ̀rọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọlá ni. Àwọn tálákà òkè náà sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n di tilé lọ́wọ́.

Wàyí o, oògùn yẹn. Mo rí i nínú lẹ́tà rẹ pé o ṣì ń fún un. Kí ni o ń fún un ṣe? Ẹni tí Ẹ̀mí Mímọ́ bá gbé dìde, ṣé a tún máa ń fi igi tì í lẹ́yìn? O ti rí ilé àdúrà tí adé wa ń gbé, o rí àwọn ọ̀pá ìtìlẹ̀ tó wà lára ògiri. Àwọn tó ni wọ́n kò mú wọn padà sílé pé bóyá ọ̀la kò ní dára. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Bí a ti ń dúpẹ́ nìyẹn ní ibi tí wọ́n ti bí ọ. Fáda Serafim ní èèyàn lè gba oore kó sì tún lo oògùn. Mo ní ọmọdé ni, ìgboro ló sì ti wá. Èyí tí o pè ní yíyí ara, ìwọ náà ò rántí bí àwọn olórin adé ṣe máa ń yí èjìká níwájú adé? Ayọ̀ ni. Dókítà rẹ kò tíì rí ayọ̀ rí ni.

Di àwọn hóró yẹn sínú aṣọ funfun, lọ gbé e sílẹ̀ lábẹ́ adé ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ yín. O ó rí i pé n kò kọ ìbùkún sókè lẹ́tà yìí, n kò sì ní kọ ọ́ títí o ó fi ṣe é. N kò gbàgbé. Mi ò lè máa súre fún ẹni tó ń fi ọpẹ́ mi ṣe ẹlẹ́yà. Ka èyí sétí bàbá rẹ, má fo ọ̀rọ̀ kankan.

Balbina

Fall River
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹjọ, 1979

Màmá mi,

Ẹ súre fún mi. Mo ṣì ń béèrè, màá sì máa béèrè.

Mo yí lẹ́tà yín síwá sẹ́yìn, mo wò ó bóyá inú àpòòwé ni ẹ kọ ọ́ sí. Ọjọ́ tí mo bá yín jà nítorí Herminio, ẹ súre fún mi kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀ òfuurufú, tí ẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ẹ sáré jáde wá súre. Mi ò tíì lo ọjọ́ kan láyé mi láìní ìbùkún yín. Ní ibi iṣẹ́, mo rán àpò kóòtù kan mọ́ ojú òdì. Mi ò mọ̀ pé mò ń sunkún.

Àmọ́ mi ò ní dá oògùn náà dúró, Màmá. Ẹ lù mí tí ẹ bá rí mi. Dókítà ní ó lè pa á. Ẹ̀yin jẹ́ ẹ̀jẹ́, ẹ san án, kò sí ẹni tó fi ṣe ẹlẹ́yà nílé yìí. Èmi náà jẹ́ ẹ̀jẹ́ tèmi lọ́dọ̀ yín ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, pé màá tọ́jú rẹ̀.

Mo ka gbogbo lẹ́tà náà sétí rẹ̀ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó wo òkè rẹ̀ níbi tí ẹ máa ń kọ ìbùkún sí, ó ká a, ó fi sápò. Nígbà tó yá ó bi mí pé, "Ta ni yóò wá máa súre fún ọ báyìí?"

Mo ní kí ó jẹun.

Deolinda

Ribeira do Funcho
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án, 1979

Deolinda,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Ohun tí mo sọ ni mo sọ. Ara mi le. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìdí kànga ti pọ́n. Kí bàbá rẹ kọ ìlà kan fún mi nígbà míì, kò sí nínú ti ẹ̀ẹ̀kan yìí.

Balbina

Ribeira do Funcho
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án, 1979

Deolinda,

N kò tíì gba èsì. Onílẹ́tà ti mọ̀ mí ní ẹnu ọ̀nà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí láti ìsàlẹ̀ òkè kí n má bàa máa dúró. Ọmọ Leopoldina tó wà ní Fall River kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé òun rí Herminio ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù, pé kò dá òun lóhùn dáadáa. Leopoldina fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún mi fún ọjọ́ mélòó kan, ó wá fi búrẹ́dì bojú, ó sọ ọ́ fún mi.

Ta ló wà ní ọsibítù? Ṣé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ni? Bóyá o ń bínú sí mi. O lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bínú, ṣùgbọ́n kọ̀wé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, wàrà ti dín kù, mo sì ń gbọ́ ohùn òkun láti orí bẹ́ẹ̀dì mi bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi kò dé. Tí mo bá ní kí o kọ̀wé nítorí Ọlọ́run, ṣé ó tó?

Ìyá rẹ

Fall River
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá, 1979

Màmá mi,

Ẹ súre fún mi.

Bàbá wà láàyè. Ẹ kọ́kọ́ jókòó, kí ẹ tó ka ìyókù.

Láti ọjọ́ kejì tí mo ka lẹ́tà yín sí i létí ni kò ti gbé oògùn mì mọ́. Á gbà á lọ́wọ́ mi, á fi sẹ́nu, á mu omi. Tí mo bá yíjú, á tu ú sọ́wọ́. Inú àpò kóòtù ọdún rẹ̀ ni mo ti bá gbogbo wọn lẹ́yìn náà, ó dì wọ́n sínú áńkáṣíìfù funfun. Ó ń dúró de ìgbà tó máa rí ẹni gbé e dé abẹ́ adé.

Ohun tó tàn wá jẹ ni pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá, ó ń rìn. Kódà yíyí ara yẹn lọ. Mo ti ń sọ lọ́kàn ara mi pé bóyá Màmá ló mọ̀ ọ́n. Fáfà ti tán lórí igi nígbà náà, oòrùn ti jó o, àmọ́ mo ti kó púpọ̀ sínú fìrísà, ó sì ń jẹ ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá ni mo se èyí tó kù. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó le gbagidi bí pákó. Ojú rẹ̀ là, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, itọ́ ara rẹ̀ kò ṣe é gbé mì. Herminio gbé e wọ mọ́tò bí ẹni gbé ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ á ti yíwọ́. Ọjọ́ púpọ̀ ni mo fi jókòó tì í tí kò mọ̀ mí. Mi ò lè kọ̀wé, Màmá. Kí ni n bá kọ? Gbogbo ìgbà tí mo mú bírò, inú ló ń bí mi. Mò ń sọ ọ́ ní gbangba torí mi ò fẹ́ kí ó wà láàárín wa ní ìkọ̀kọ̀: inú bí mi sí yín. Ẹ ò sí níbẹ̀. Èmi ni mò ń nu ẹnu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Dókítà Pruitt wá bá mi lórí ìjókòó. Kò bi mí ohun tuntun tó ń jẹ mọ́. Ó ní, "Kí ló ń jẹ nínú oṣù Keje tí kò jẹ mọ́ báyìí?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí, àfi fáfà. Ó ní kí n tún un sọ. Ó ní báwo ni ó ṣe ń jẹ ẹ́, mélòó, pẹ̀lú èèpo tútù àbí láìsí èèpo. Mo fi ọwọ́ júwe abọ́ náà. Ó jókòó tì mí.

Màmá, ohun tó wà nínú hóró oògùn yẹn gan-an wà nínú fáfà tútù. Ohun kan náà tó ń di dopamíìnì. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Oúnjẹ ni kò ní ìwọ̀n: abọ́ tòní kì í ṣe abọ́ tàná. Nínú oṣù Keje, oògùn wà, ẹ̀wà wà, ó kún, ó ṣàn sílẹ̀, òun ni yíyí ara yẹn. Nígbà tó tu oògùn dànù, ẹ̀wà nìkan ló gbé e ró. Nígbà tí ẹ̀wà tán, ilé ṣófo. Dókítà ti bi mí nígbà náà, ẹ rántí, pé kí ni ohun tuntun tí Bàbá ń jẹ. Ta nínú wa ni yóò pe fáfà ní nǹkan tuntun?

Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, mo bi í pé kí ló dé. Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ, mo ní láti gbé etí sẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Mi ò lè jẹ́ kí o máa rìn kiri láìní ìbùkún nítorí mi." Ó ní òun fẹ́ kọ̀wé sí yín pé a ti ṣe é, kí ẹ lè dá a padà fún mi.

A ti wà nílé báyìí. Mò ń fún un ní oògùn ní àsìkò rẹ̀, mo sì ń dúró kí ó lanu hàn mí bí ọmọdé. Ó ń rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ojú fèrèsé tí mo bá dì í mú. Dókítà ní kí n má retí oṣù Keje mọ́. Wọ́n kọ́ ọ ní ọsibítù láti máa kọ̀wé sórí ìwé onílà gbọọrọ, ìlà náà kì í jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ súnkì. Gbogbo ọ̀sán ló fi kọ èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí. Mi ò ràn án lọ́wọ́.

Deolinda

*Balbina, mi ò bínú. Ẹran náà kò ṣòfò, àwọn tálákà jẹ ẹ́. Súre fún ọmọ.*

Ribeira do Funcho
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá, 1979

Deolinda,

Má yọ ara rẹ lẹ́nu pé òkè lẹ́tà yìí ṣófo. Kà á dé ìsàlẹ̀.

Mo gba lẹ́tà rẹ nídìí Mimosa. Mo kà á tán, mo tún un kà, màlúù dúró pẹ̀lú ọmú kíkún, kò ta mí nípàá. Ó jẹ́ kí n sunkún mọ́ ìhà rẹ̀. Ẹranko tí mo pa ọmọ rẹ̀.

Ìbínú tí o bí, o bí i dáadáa. N kò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o tètè gbé e sílẹ̀. Oògùn ni mo rò pé mo ń já gbà lọ́wọ́ rẹ, ọkùnrin náà ni mo sì ń já gbà. Tí ó bá kú ni, ìbùkún tí mo dì mọ́ àyà yẹn, ta ni n bá fún?

Fáda Serafim gbọ́, ó sì sáré wá. Ó jókòó, ó fẹ́ wàásù fún mi. Ó ní, "Ìyá Balbina, ẹ bi ara yín léèrè pé ta ló fi ohun yẹn sínú ẹ̀wà." Mo ní kí ó mu tíì rẹ̀. Mo ní mi ò mọ ẹni tó fi í sínú ẹ̀wà, àmọ́ mo mọ ẹni tó gbin ẹ̀wà náà. Jacinto ló gbìn ín, lórí àga, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n.

Gbọ́ ohun tí mo ti ṣe. Mo ti fa Mimosa lé Leopoldina lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣàwàdà. Mo ti lọ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà, ojú mi níbẹ̀ sì dà bí ti bàbá rẹ nígbà yẹn, ẹ̀rù ló ń bà mí. Kí Herminio bá mi wá ọ̀nà ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Mo fẹ́ dé kí àkókò gbíngbìn tó wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀yìnkùlé náà. Èmi ni màá gbìn ín, kí ó jókòó kí ó máa pè mí ní ọ̀lẹ. Ìwọ̀n tó máa jẹ níbẹ̀, àti bóyá ó máa jẹ ẹ́ rárá, dókítà obìnrin yẹn ni yóò sọ ọ́ fún mi lójúkojú. Tó bá ní kí n fa gbogbo rẹ̀ tu, màá fà á tu. Kí ó ṣáà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Oògùn náà, ọwọ́ mi ni yóò ti máa gbà á láti ọjọ́ tí mo bá dé lọ, o ti ṣe tìrẹ.

Ní ti òkun, màá di ojú mi títí a ó fi kọjá lórí rẹ̀.

Mo fi èyí sí ìsàlẹ̀ kí ó lè jẹ́ ohun tí bàbá rẹ yóò gbọ́ kẹ́yìn nínú lẹ́tà yìí. Pè é súnmọ́ ọ. Dúró síwájú rẹ̀, kí o sì kà á sókè:

Kí Ọlọ́run súre fún ọ, Deolinda. Ti oṣù Kẹjọ nìyẹn. Kí Ọlọ́run súre fún ọ. Ti oṣù Kẹsàn-án nìyẹn. Kí Ọlọ́run súre fún ọ, ọmọ mi, ọmọ Jacinto. Mi ò ní gbà á padà mọ́ láé.

Ìyá rẹ,
Balbina